Ọkùnrin tí ó ka ìtàn ìyàwó rẹ̀ lórí ìdúró

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí gbólóhùn kan ti ń yí lọ yí bọ̀ lọ́kàn mi. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Syed Sakhawat Hossain ló sọ ọ́, ní agbègbè Bhagalpur ní ilẹ̀ Íńdíà, nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba níbẹ̀. Ó rin ìrìn àjò iṣẹ́ ìjọba, ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Nígbà tó dé, ó béèrè ohun tí ìyàwó fi gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣe. Ìyàwó na ìwé kan sí i. Ọkùnrin náà ka ìwé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí ìdúró, kò tilẹ̀ jókòó. Bó ṣe kà á tán, ó ní: "Ẹ̀san tó burú jáì ni èyí!"

Ìyàwó náà ni Rokeya Sakhawat Hossain, òun fúnra rẹ̀ ló sì ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìtàn tó kọ ni Sultana's Dream, tí ìwé ìròyìn The Indian Ladies' Magazine ní ìlú Madras gbé jáde ní 1905. Kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ̀rọ̀ nípa ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì láàárín àwa Mùsùlùmí kó má kan obìnrin yìí. Ohun tí kò jẹ́ kí n sinmi ni ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀. Kí ló rí nínú ìwé náà tó fi pè é ní ẹ̀san? Kí ló sì dé tí ọ̀pọ̀ wa, bí a bá ń yin ìtàn náà lónìí, kì í mẹ́nu ba ohun tó rí?

Ohun tí a máa ń kó jọ

Ẹnì kan á ní ìtàn nípa ẹ̀rọ, nípa ọjọ́ iwájú, nípa ìrìn àjò lójú sánmà, pé ti òyìnbó nìkan ni. Inú á bí wa, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ. A ó mú ẹṣin onígi inú Ẹgbẹ̀rún Òru àti Òru Kan, àkójọ ìtàn Lárúbáwá àtijọ́, jáde, ẹṣin tí èèyàn á yí ìṣó kan lára rẹ̀ tí á gbéra sókè, tí á yí òmíràn tí á sọ̀ kalẹ̀. A ó mú ẹlẹ́ṣin idẹ inú ìtàn Ìlú Idẹ jáde, èyí tó ń yí fúnra rẹ̀ títí tí á fi kọjú sí ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò ń wá. A ó fi ìwé tí al-Jazari kọ nípa àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ní 1206 kún un.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àìrìn jìnnà ni kì í jẹ́ kéèyàn rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni tó bá sì ka ìwé àwọn ará Baghdad àti Cairo kò ní sọ pé àwa kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo irú àkójọ bẹ́ẹ̀ léraléra, mo rí i pé ohun tó ń fò àti ohun tó ń yí fúnra rẹ̀ nìkan la máa ń wá. A ti gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wa jiyàn pé ẹ̀rọ ni ìtàn onísáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ wa kò sì ju ká fi hàn pé àwa náà ní ẹ̀rọ. Níbẹ̀ ni mo rò pé a ti ń pàdánù.

Ohun tí Kọmíṣánnà rí

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Rokeya fi kọ ìtàn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni McPherson, òyìnbó tó jẹ́ Kọmíṣánnà ní Bhagalpur nígbà náà, pé kó bá wọn tún èdè inú rẹ̀ ṣe. McPherson dá a padà láì tún ohunkóhun ṣe. Ó kọ ìwé tẹ̀ lé e pé èdè Gẹ̀ẹ́sì náà pé pérépéré, pé èrò inú rẹ̀ dùn mọ́ òun, kò sì jọ ti ẹlòmíràn. Ó ní òun ń rò ó bóyá obìnrin yìí ti sọ tẹ́lẹ̀ bí ọmọ aráyé á ṣe máa rìn lófurufú lọ́jọ́ iwájú.

Èmi kò bá a jà lórí ìyẹn. Nínú ìtàn náà, Sultana ń ronú lórí ipò àwọn obìnrin Íńdíà lórí àga rẹ̀ nígbà tí obìnrin kan tó jọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Sister Sara, wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó sì mú un jáde lọ sí ìlú kan tí obìnrin ti ń ṣàkóso. Wọ́n ń fi ooru oòrùn dáná níbẹ̀. Yunifásítì kan ti rí ọgbọ́n fa omi láti inú awọsánmà, òmíràn ti rí ọgbọ́n kó ooru oòrùn jọ. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń dáko. Ọkọ̀ tí háídírójìn ń gbé sókè ló sì gbé Sultana lọ sọ́dọ̀ Ọbabìnrin. Àwọn Wright ṣẹ̀ṣẹ̀ fò ní Amẹ́ríkà ní December 1903 ni. Ó yẹ kí ẹnu ya ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ọbabìnrin yẹn sọ lójú ìwé kan náà tí ọkọ̀ òfurufú wà. Ó ní àwọn kì í ṣojúkòkòrò ilẹ̀ onílẹ̀. Àwọn kì í jà nítorí dáyámọ́ńdì kan, ì báà mọ́lẹ̀ ju Koh-i-Noor lọ lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Àwọn kì í sì í ṣe ìlara ọba kan nítorí Ìtẹ́ Ọ̀kín rẹ̀. Koh-i-Noor yìí, òyìnbó ti gbà á lọ́wọ́ ọba Punjab láti 1849, ó sì ti wà lára adé ayaba Ìlú Ọba ní 1902. Ìtẹ́ Ọ̀kín, Nadir Shah, ọba Persia, ti kó o lọ kúrò ní Delhi ní 1739. Obìnrin kan tí àṣà ìhámọ́ obìnrin kò jẹ́ kó yọjú síta ń sọ fún àwọn tó kó ilẹ̀ rẹ̀ pé olè ni wọ́n. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó kó ilẹ̀ náà kà á, ó ní ọkọ̀ òfurufú yẹn mà dára o.

Ohun tí ọkọ rí

Ibi tí mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀ nìyí.

Nígbà tí Sultana dé ìlú yẹn, ojú ń tì í nítorí pé ó ń rìn lójú pópó lọ́sàn-án gangan láì bojú. Àwọn obìnrin tó ń kọjá ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó bi Sara pé kí ni wọ́n ń sọ. Sara ní wọ́n ní ó ń tijú bí ọkùnrin. Sultana wá béèrè pé àwọn ọkùnrin dà? Sara ní wọ́n wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà: inú ilé. A ti tì wọ́n mọ́lé ni, bí ẹ ṣe ń ti obìnrin mọ́lé lọ́dọ̀ yín.

Sultana ní obìnrin ni aláìlágbára, kò sì ní lè wà láìséwu níta. Sara dá a lóhùn pé kò ní lè wà láìséwu níwọ̀n ìgbà tí ọkùnrin bá wà lójú pópó, bó ṣe jẹ́ pé ọjà kì í dára nígbà tí ẹranko búburú bá yawọ ibẹ̀. Ó ní bí àwọn wèrè bá sá jáde nílé ìtọ́jú wọn tí wọ́n ń ṣe èèyàn lọ́ṣẹ́, ṣé àwọn tí orí wọn pé ni ẹ ó kó tì mọ́lé ni? Ó ní kìnnìún lágbára ju èèyàn lọ, kò sì torí ìyẹn jọba lé èèyàn lórí.

Báwo ni wọ́n ṣe rí ọkùnrin tì mọ́lé? Ogun ló dé. Àwọn kan sá wá láti orílẹ̀-èdè tó múlé tì wọ́n, Ọbabìnrin kò fẹ́ fà wọ́n lé ọba wọn lọ́wọ́, ọba náà sì gbé ogun tì wọ́n. Àwọn ọkùnrin jà títí, wọ́n kú, wọ́n fara gbọgbẹ́, ọ̀tá ṣì ń bọ̀. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn obìnrin ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì wọn, àwọn ọkùnrin ń kó ohun ìjà jọ, wọ́n sì ń fi ìwádìí àwọn obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ọ̀ràn dójú ọ̀gbagadè, ọ̀gá yunifásítì kejì bẹ Ọbabìnrin pé kí wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn ọkùnrin wọlé, kí àwọn obìnrin lè jáde láìsí ojú tó ń wò wọ́n. Àwọn ọkùnrin ti rẹ̀, wọ́n wọlé láì jiyàn. Obìnrin náà kó akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ̀rún méjì lẹ́yìn lọ ojú ogun, wọ́n darí ooru oòrùn tí wọ́n ti kó jọ sójú àwọn ọ̀tá, àwọn ọ̀tá sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọgbọ́n ju agbára lọ.

Lẹ́yìn ogun, ó kù bí àwọn ọkùnrin á ṣe jáde. Ìpínrọ̀ tí mo gbà pé ó ká Sakhawat Hossain lára jù lọ nìyí. Rokeya kọ ọ́ pé àwọn kọmíṣánnà ọlọ́pàá àti àwọn májísíréètì àgbègbè ránṣẹ́ sí Ọbabìnrin. Wọ́n ní òótọ́ ni pé ó tọ́ kí wọ́n ti àwọn ọ̀gá ológun mọ́lé nítorí wọn kò lè gba ìlú sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kò fi iṣẹ́ tiwọn ṣeré rí, nítorí náà kí wọ́n dákun dá àwọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọbabìnrin fún wọn lésì: bí a bá nílò yín, a ó ránṣẹ́ sí yín, ní báyìí ná, ẹ dúró síbi tí ẹ wà.

Igbákejì májísíréètì ni Sakhawat Hossain. Ìrìn àjò iṣẹ́ májísíréètì ló ti ń bọ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ na ìwé yìí sí i. Ó dúró níbẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, ó ń ka ìtàn májísíréètì tí wọ́n tì mọ́lé, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun kò ṣẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ òun. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí májísíréètì inú ìwé tí kò ti ṣẹlẹ̀ sí obìnrin tó kọ ọ́. Òun náà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Òun náà wà níbi tí wọ́n ní kó wà.

Mo gbà pé ìdí tó fi pè é ní ẹ̀san nìyẹn. Òun ni èèyàn àkọ́kọ́ tó ka ìtàn náà, òun ló sì kà á dáadáa jù lọ. Ohun tó sì mú mi bọ̀wọ̀ fún un ni pé kò ya ìwé náà, kò jó o níná. Ó rí ẹ̀san nínú rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ kí wọ́n lè tún un ṣe. Nígbà tó kú ní 1909, ó ti ya rúpìì 10,000 sọ́tọ̀ kí ìyàwó rẹ̀ fi dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sílẹ̀.

Erékùṣù Ibn Tufayl

Bí a bá gbà pé ohun tí ọkọ rí ni ìtàn onísáyẹ́ǹsì gan-an, àwọn ìtàn mìíràn á bọ́ síwájú nínú àkójọ wa. Ẹṣin onígi á sún sẹ́yìn. Ẹni tí yóò bọ́ síwájú ni Ibn Tufayl, oníṣègùn ará Andalus (ilẹ̀ Sípéènì nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣàkóso rẹ̀) tó kú ní Marrakesh ní 1185, tó kọ ìtàn Hayy ibn Yaqzan.

Ọmọ kan wà ní erékùṣù kan láìsí èèyàn kankan pẹ̀lú rẹ̀. Àgbọ̀nrín ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí àgbọ̀nrín kú, ọmọ náà kò mọ ohun tí ikú ń jẹ́. Ó la àyà ìyá rẹ̀ láti wá ohun tó kúrò níbẹ̀ tí ara fi dákẹ́. Láti ibẹ̀ ló ti ń wádìí: iná, ẹranko, ìràwọ̀, títí tí làákàyè rẹ̀ fi gbé e dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá. Kò sí ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú ìtàn yìí. Síbẹ̀ ìdánwò ni látòkè délẹ̀: ẹ jẹ́ ká mú òbí, olùkọ́ àti ìwé kúrò lọ́dọ̀ ọmọ èèyàn, ká wo ohun tó kù. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Ibn al-Nafis, oníṣègùn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá, fi ìtàn tirẹ̀ fèsì ní Cairo. Ọmọ tirẹ̀ náà, Kamil, dàgbà ní erékùṣù, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá èèyàn pàdé ló tó rí i pé ènìyàn kì í dá gbé, àwùjọ ló ń sọni dèèyàn. Ó ronú títí dé bí ayé ṣe máa parí. Àwọn oníṣègùn méjì ń jiyàn, wọ́n sì fi ìtàn ṣe yàrá ìwádìí wọn.

Kò pọn dandan kí Rokeya ti ka ìwé àwọn wọ̀nyí kó tó lè ṣe irú ohun tí wọ́n ṣe. Ibn Tufayl mú ohun kan kúrò nínú ayé, ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Rokeya kò mú ohunkóhun kúrò. Ó fi òfin ìhámọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, gbogbo ìdí tí wọ́n máa ń sọ fún un, ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà nínú ilé nìkan ló pààrọ̀. Bí òfin bá dára, kò yẹ kó burú nígbà tó bá kan ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni tó bá kà á tí inú rẹ̀ kò dùn sí bí wọ́n ṣe ṣe àwọn ọkùnrin yẹn ti dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ kó tó mọ̀.

Ọ̀nà yìí kò tíì parẹ́. Ahmed Khaled Tawfik ti Íjíbítì tẹ̀ ẹ́ ní 2008 nínú Utopia, níbi tí àwọn olówó ti mọ odi yí ara wọn ká létí òkun tí wọ́n sì fi àwọn tálákà sílẹ̀ sí ìta. Hassan Blasim ní kí àwọn òǹkọ̀wé Ìráàkì fojú inú wo orílẹ̀-èdè wọn ní 2103, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà gbógun wọ ibẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 2016. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, ẹ̀rọ kàn ń ran ìbéèrè lọ́wọ́ ni.

Bọ́ọ̀sì tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀

Àwa tí a mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó wọ hìjáàbù àti ìyàwó ẹlẹ́hàá á tètè lóye ibi tí Rokeya dúró. Ó kọ àròkọ kan láti gbèjà aṣọ ìbora. Ohun tó ń bá jà ni kí wọ́n máa ti èèyàn mọ́lé, kí wọ́n sì máa pe ìyẹn ní ẹ̀sìn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti pé ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n ti ń ní kí òun sá pamọ́, àní fún àwọn obìnrin tó bá wá kí wọn nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì lóru, nígbà tí ará ilé bá ti sùn.

Ó kó àwọn ìtàn tòótọ́ nípa ìhámọ́ yìí jọ sínú ìwé kan ní 1931. Nínú wọn ni ti ìbátan ọkọ rẹ̀ kan tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin míràn ní ibùdókọ̀ Kiul, tí aṣọ ìbora rẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ tó fi ṣubú sáàárín pèpéle àti ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin sáré wá láti fà á jáde. Ọmọ ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń bá a rìn ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọ̀gá òun. Òun nìkan kò lè fà á. Wọ́n dúró títí, ọkọ̀ wá gbéra. Obìnrin náà kú. Ẹni tó bá ti ka èyí á mọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé, ní ìlú inú àlá Sultana, Rokeya rántí kọ ọ́ pé jàǹbá ọkọ̀ ojú irin kì í ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Bhagalpur ní 1909 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 5. Ní 1911 ó tún un dá sílẹ̀ ní Calcutta pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 8. Kí àwọn òbí tó lè gbà kí ọmọ wọn wá, wọ́n ní láti fi bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti pa látòkè délẹ̀ gbé wọn. Òkùnkùn inú rẹ̀ pọ̀, ooru inú rẹ̀ pọ̀, àwọn ọmọ ń bì, àwọn kan ń dákú. Wọ́n wá ta aṣọ sí ojú fèrèsé dípò rẹ̀. Ni lẹ́tà bá ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó pe ara wọn ní arákùnrin nínú ẹ̀sìn, pé afẹ́fẹ́ ń gbé aṣọ yẹn sókè, pé bí wọn kò bá wá nǹkan ṣe sí i, àwọn á gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn. Obìnrin tó ti fojú inú rí ọkọ̀ tó ń fò lófurufú wà lẹ́nu ìṣòro fèrèsé bọ́ọ̀sì. Ó sì ń bá a lọ lọ́dọọdún, títí tó fi kú ní 9 December 1932. Ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì wà lónìí ní Calcutta, tí wọ́n ń pè ní Kolkata báyìí.

Èyí tó ti dé àti èyí tí kò tíì dé

Ní nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn tí ìtàn rẹ̀ jáde, Rokeya fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú, ó sì kọ àròkọ nípa máìlì 50 tó fò. Inú mi dùn púpọ̀ pé ó rí i kó tó kú. Ohun tí ẹnu ya McPherson sí ti dé, kódà ó ti di ohun tí a kì í bojú wò mọ́. Ooru oòrùn ti ń dáná, ó ti ń tan iná nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yẹn, kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣáájú. Àṣẹ Ọbabìnrin ló ṣáájú: pé kí gbogbo obìnrin kàwé, kí wọ́n má sì fi ọmọbìnrin fọ́kọ kó tó pé ọdún mọ́kànlélógún. Yunifásítì tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ tó wá dé lẹ́yìn. Ní Afghanistan, láti 2021 tí Taliban ti padà gba ìjọba, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ girama mọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ní December 2022, wọ́n ti ti yunifásítì mọ́ wọn náà. Ẹ̀sìn ni wọ́n ní àwọn ń gbèjà. Rokeya ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Bengal, agbègbè tí Calcutta wà. Níbi ìpàdé lórí ẹ̀kọ́ obìnrin tó ṣe alága rẹ̀ ní 1926, ó sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Mùsùlùmí, tó sì ń tako kí obìnrin kàwé, Islam gan-an ló ń tako, nítorí Islam ti fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ náà bó ṣe fún ọkùnrin.